Bí A Ṣe Ń Yẹ Òfin Ìṣòwò Irè Oko Wò: Ta Ni Yóò Jèrè, Ta Ni Yóò Pàdánù ní Ìgbèríko

Bí ìjọba bá kéde pé òun ti fi kún owó ibodè lórí ìrẹsì tó ń ti òkèèrè wọlé, ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní àgbẹ̀ ti rí ṣe. Bí wọ́n bá yọ owó náà kúrò, wọ́n á ní wọ́n ti pa àgbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Nínú ènìyàn márùn-ún tó tòṣì jù lọ láyé, nǹkan bí mẹ́rin ló ń gbé ìgbèríko, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ló ń ra oúnjẹ ju èyí tí wọ́n ń tà lọ. Ẹni tó ń dáko ni ẹni tó tún ń lọ ra oúnjẹ lọ́jà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀wọ́n ọjà fi lè gbé ìdílé kan dìde, kó sì bi aládùúgbò rẹ̀ wó, ní abúlé kan náà, lórí irè kan náà.

Àwọn olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀, oníròyìn, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó fẹ́ mọ ibi tí òfin kan máa já sí, kí wọ́n tó tì í lẹ́yìn tàbí kí wọ́n tó takò ó, la kọ èyí fún. Ìwé, bírò àti ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù ti tó fún iṣẹ́ náà. Ohun tó máa gba àkókò ni jíjókòó ti àwọn ènìyàn láti bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n tà àti ohun tí wọ́n rà.

Ẹ kọ́kọ́ kọ òfin náà sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an

Ohun tí wọ́n sọ lórí rédíò kò tó. Ẹ wá ìwé òfin náà fúnra rẹ̀, tàbí ìkéde àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ẹ sì fi dáhùn ìbéèrè mẹ́rin: irè wo gan-an ni? Èló ni? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ló sì máa parí? Àwọn wo ni òfin náà kò mú?

Irè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí gbogbo ayé fi ń mọ̀ ọ́n lẹ́nu ibodè, èyí tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà HS. Ti àgbàdo ni 1005, ti ìrẹsì ni 1006. Àmọ́ ẹ má dúró lórí nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́. 1006.10 ni ìrẹsì tí èèpo ṣì wà lára rẹ̀, 1006.20 ni èyí tí wọ́n bó èèpo rẹ̀ àmọ́ tí kò tíì funfun, 1006.30 ni èyí tí wọ́n ti bó tán, 1006.40 sì ni èyí tó ti rún. Bí òfin bá gbé owó ńlá lé 1006.30 nìkan, àwọn olówò lè yí sí 1006.20, kí wọ́n máa fún un ní bíbó ìkẹyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté, kí ìrẹsì tó ń wọlé má sì dín rárá. Àwọn tó ni ẹ̀rọ ìbórẹsì létí èbúté ló jèrè irú òfin bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ tún wò ó bóyá ìdá kan nínú iye ọjà ni wọ́n ń gbà, tàbí iye pàtó lórí tọ́ọ̀nù kan. Owó ibodè 20% lórí ìrẹsì tí tọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ 600 dọ́là jẹ́ 120 dọ́là. Bí ọjà àgbáyé bá já sí 300, owó náà di 60. Ìgbà tí ọjà já, tí àgbẹ̀ nílò ààbò jù, gan-an ni ààbò náà dín sí ìdajì. Iye pàtó kì í já bẹ́ẹ̀, àmọ́ aburú tirẹ̀ ni pé irè tí kò wọ́n ló máa ń wúwo lé jù: 80 dọ́là lórí ìrẹsì tó dára tó jẹ́ 800 kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n lórí ìrẹsì rírún tó jẹ́ 320, ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Ta ló ń jẹ ìrẹsì rírún? Tálákà ni.

Ohun kan ṣì kù ní apá yìí. Oríṣi iye méjì ló wà fún owó ibodè lórí irè kọ̀ọ̀kan: èyí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́lọ́wọ́, àti òkè àjà tí orílẹ̀-èdè náà ti ṣèlérí ní Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, WTO, pé òun kò ní kọjá. Bí èyí tí wọ́n ń gbà bá jẹ́ 10%, tí òkè àjà sì jẹ́ 60%, ìjọba lè fi kún un lọ́la láìrú òfin WTO kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé WTO ni kò jẹ́ kí wọ́n ṣe é, ẹ lọ wo iye méjèèjì lórí ìkànnì àjọ náà, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó sábà máa ń de ìjọba lọ́wọ́ ni àdéhùn pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè àgbègbè rẹ̀, tàbí májẹ̀mú tó so mọ́ owó tó yá. Ọ̀rọ̀ Haiti ń bani nínú jẹ́ títí dòní: lọ́dún 1995, owó ibodè lórí ìrẹsì níbẹ̀ já wálẹ̀ sí 3%, ìrẹsì Amẹ́ríkà, tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fowó ran àwọn tó ń gbìn ín lọ́wọ́, sì gba ọjà mọ́ àwọn àgbẹ̀ Haiti lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2010, Bill Clinton, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà lọ́dún 1995 yẹn, sọ níwájú ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà pé àṣìṣe ni ìlànà náà, pé ó ṣeé ṣe kó ti ṣe àwọn àgbẹ̀ kan ní Arkansas lóore, àmọ́ kò ṣiṣẹ́.

Ẹ tọ owó náà láti èbúté dé oko

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìṣirò ti máa ń ṣìnà. Owó ibodè wà létí òkun, àgbẹ̀ wà lóko. Àárín wọn ni ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ̀rọ ìbórẹsì, alágbàtà, ọ̀nà tó bàjẹ́ àti àwọn tó ń gbowó lójú ọ̀nà. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹ fi èyí tí ẹ bá rí lọ́dọ̀ yín rọ́pò wọn.

Ká ní tọ́ọ̀nù ìrẹsì bíbó kan jẹ́ 400 dọ́là ní èbúté tó ti gbéra. Owó ọkọ̀ òkun àti ti ìbánigbófò jẹ́ 60, ó di 460 nígbà tó gúnlẹ̀. Owó ibodè 20% lórí 460 jẹ́ 92. Iṣẹ́ èbúté àti ti ìwé jẹ́ 28. Owó ọkọ̀ dé ọjà ńlá tó wà ní ìlú jẹ́ 40. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 620 dọ́là. Bí kò bá sí owó ibodè, 528 ni ì bá jẹ́.

Ó yá, ẹ padà sẹ́yìn láti ọjà ìlú lọ sóko, kí ẹ máa yọ. Ìrẹsì àgbẹ̀ àti ti òkèèrè ń pàdé ní ọjà yẹn, 620 náà ló sì máa gbà. Ẹ yọ owó ọkọ̀ láti ibi ẹ̀rọ dé ìlú, 70. Ẹ yọ owó bíbó, 80. Ẹ yọ èrè alágbàtà, 50. Ó ku 420 fún tọ́ọ̀nù ìrẹsì bíbó. Àmọ́ àgbẹ̀ kò ta bíbó, eléèpo ló tà, 100 kìlógíráàmù eléèpo sì máa ń mú nǹkan bí 65 kìlógíráàmù bíbó wá. Ẹ sọ 420 di ìlọ́po 0.65, ẹ ó rí i pé 273 dọ́là ni àgbẹ̀ máa gbà lórí tọ́ọ̀nù eléèpo kan. Ẹ tún un ṣe láìsí owó ibodè: 528 yọ 200 jẹ́ 328, ìlọ́po 0.65 jẹ́ 213.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjà ìlú gbéra ní 17%, ti oko gbéra ní 28%. Ohun tó fà á ni pé owó ọkọ̀ àti owó bíbó kì í yí padà nígbà tí ọjà bá yí. Ohun kan náà ló ń jẹ́ kó jẹ́ pé bí ọjà bá já díẹ̀ ní ìlú, á já gidi lóko. Ẹ tún wo 200 tí ẹ yọ lójú ọ̀nà yẹn. Bí ọ̀nà tó dára, ẹ̀rọ tó sún mọ́ oko àti àwọn alágbàtà tó pọ̀ sí i bá dín in kù sí 100, àgbẹ̀ á rí 65 dọ́là sí i lórí tọ́ọ̀nù eléèpo kan. Ìyẹn ju 60 tí owó ibodè fún un lọ, ẹni tó ń ra ìrẹsì ní ìlú kò sì san kọ́bọ̀ kan kún un. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó bá fẹ́ lọ bá mínísítà nítorí owó ibodè gbé ìṣirò yìí dání.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó náà ń dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ lóòótọ́. Ìbéèrè mẹ́ta máa ń fi í hàn. Àwọn mélòó ló ń wá ra irè lábúlé lásìkò ìkórè? Ṣé àgbẹ̀ lè kọ̀ láti tà fún ẹni àkọ́kọ́ tó dé, àbí ó ti jẹ ẹ́ ní gbèsè ajílẹ̀ láti ìgbà ìgbìn? Ṣé àgbẹ̀ mọ iye tí wọ́n ń tà á ní ìlú lọ́sẹ̀ yẹn? Níbi tó bá ti jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń rà, tó sì jẹ́ pé òun náà ló yá wọn lówó, àfikún owó ọjà kì í kọjá àpò rẹ̀. Ní Mozambique ní àwọn ọdún 1990, Báńkì Àgbáyé ní kí ìjọba dín owó tí wọ́n ń gbà lórí kajú eléèpo tó ń lọ sí òkèèrè kù, kí àgbẹ̀ lè rí owó gidi gbà. Àwọn alágbàtà àti àwọn tó ń kó o jáde ló mú èyí tó pọ̀ nínú àfikún náà. Ohun tó kan ìdílé kan kò ju dọ́là díẹ̀ lọ lọ́dún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń bó kajú sì di aláìníṣẹ́.

Ẹ tún rántí abúlé tó jìnnà. Bó bá jẹ́ pé 200 dọ́là ni gbígbé tọ́ọ̀nù kan láti ibẹ̀ dé ìlú, irè òkèèrè kò lè dé ibẹ̀ kó ṣì pọ́ọ́kú, irè tiwọn náà kò sì lè dé ìlú kó lérè. Òjò àti ìkórè abúlé náà ló ń pinnu iye ọjà wọn. Owó ibodè kò kàn wọ́n. Bí irú àwọn abúlé bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ ní àgbègbè yín, ọ̀nà ni kí ẹ béèrè fún.

Fàyàwọ́ ńkọ́? Bí owó ibodè bá ju ohun tó ń ná ènìyàn láti gba inú igbó kó ọjà kọjá lọ, iye tí fàyàwọ́ ń ná gan-an ni owó ibodè tó wà lórí irè náà. Ẹ bi àwọn awakọ̀ léèrè èló ni wọ́n ń gbà lórí àpò kan. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ wá ẹni tó ń tà ju bó ṣe ń rà lọ

Èyí ni ọkàn iṣẹ́ náà, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò. Fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ owó irè náà tí wọ́n tà láàárín oṣù 12, ẹ yọ owó irè kan náà tí wọ́n rà láàárín oṣù 12 yẹn, kí ẹ wá pín èyí tó kù pẹ̀lú gbogbo ìnáwó ilé náà fún ọdún kan. Ẹ ṣírò oúnjẹ tí wọ́n jẹ láti oko tiwọn mọ́ ìnáwó náà ní iye tí wọn ì bá rà á. Ọ̀nà ìṣirò yìí ni Angus Deaton, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, lò lọ́dún 1989 lórí ìrẹsì ní Thailand. Ó rí i pé bí ìrẹsì bá wọ́n níbẹ̀, àwọn ìdílé ìgbèríko tó wà láàárín, tí wọn kì í ṣe tálákà jù tí wọn kò sì lówó jù, ló máa jèrè jù.

Àpẹẹrẹ mẹ́ta rèé. Ìdílé àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tó tó. Wọ́n ta 400 dọ́là, wọ́n ra 100, ìnáwó ilé jẹ́ 1,500. Èrè wọn jẹ́ 300 nínú 1,500, ìyẹn 0.20. Bí ọjà bá fi 10% wọ́n sí i, ìgbé ayé wọn fi 2% sàn sí i.

Ìdílé kejì ní ilẹ̀ kékeré. Lọ́sẹ̀ ìkórè, wọ́n ta àpò mẹ́rin ní 20 dọ́là, wọ́n fi 80 náà san gbèsè àti owó ilé ìwé. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, àká gbẹ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà ní díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọjà ti wọ́n. Àpò tí wọ́n tà ní 20 ni wọ́n ń rà padà ní 35. Kí ọdún tó yípo, wọ́n ti ra 230 dọ́là. 80 yọ 230, ó jẹ́ gbèsè 150; ìnáwó ilé jẹ́ 1,000; èsì jẹ́ -0.15. Ọ̀wọ́n 10% fi 1.5% pa wọ́n lára. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni iṣẹ́ wọn, wọ́n á ní àgbẹ̀ làwọn, òótọ́ sì ni. Orúkọ àwọn gan-an ni wọ́n fi ń béèrè owó ibodè tó ń dá ebi sílẹ̀ nínú ilé wọn.

Ìdílé kẹta kò ní ilẹ̀, iṣẹ́ alágbàṣe ni wọ́n ń ṣe. Wọn kò ta nǹkan kan, wọ́n ra 270 nínú ìnáwó 900. Èsì jẹ́ -0.30, ọ̀wọ́n 10% sì mú 3% lọ lọ́wọ́ wọn.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ kò ju mẹ́rin lọ. Èkíní ni pé wọ́n lọ bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ nìkan léèrè. Ẹni tó ní irè láti tà ló ń wá sípàdé ẹgbẹ́, nítorí náà èsì á fi hàn pé gbogbo ayé ló máa jèrè. Ẹ mú ìdílé 30 sí 40 láti abúlé mẹ́ta: ọ̀kan tó wà létí títì, ọ̀kan tó jìnnà díẹ̀, ọ̀kan tó wà lẹ́yìn odò, kí ẹ sì máa wọ ilé kẹta-kẹta láìṣà. Èkejì, wọ́n bi baálé ilé nìkan. Ẹni tó ta àpò kì í sábà jẹ́ ẹni tó ń ra èyí tí wọ́n ń sè, nítorí náà ẹ bi ìyàwó ilé lọ́tọ̀, láìjẹ́ pé ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, òṣùwọ̀n: àpò kan kì í wúwo bákan náà níbi gbogbo, nítorí náà ẹ wọn àpò mẹ́ta ní abúlé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sọ ọ́ di kìlógíráàmù. Ẹ̀kẹrin ni ìgbà. Bí ẹ bá béèrè lẹ́yìn ìkórè nìkan, ẹni gbogbo ni olùtajà. Ẹ pín ọdún sí mẹ́ta: ìgbà ìkórè, àárín, àti ìgbà ọ̀wọ́n, kí ẹ béèrè ti ìgbà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Bí ẹ kò bá ní agbára láti lọ bi ènìyàn léèrè, ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè máa ń ṣe ìwádìí ìnáwó ilé. Irú èyí tí Báńkì Àgbáyé ń tì lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní LSMS, dára gan-an, nítorí ó ń béèrè ohun tí wọ́n tà àti ohun tí wọ́n rà lọ́dọ̀ ìdílé kan náà.

Owó alágbàṣe

Ìdílé kẹta yẹn kò tíì sọnù pátápátá. Bí irè bá wọ́n, àgbẹ̀ onílẹ̀ lè gbin púpọ̀ sí i, kó sì nílò alágbàṣe sí i. Bí 540 nínú 900 dọ́là wọn bá ń ti iṣẹ́ oko wá, ìyẹn 60%, tí owó iṣẹ́ sì fi 5% gbéra, wọ́n á rí 3% padà. Ó dí ihò náà gẹ́lẹ́. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni bóyá owó iṣẹ́ máa gbéra, àti ìgbà wo. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Bangladesh fi hàn pé owó iṣẹ́ oko ń tẹ̀lé iye ìrẹsì, àmọ́ ọdún mélòó kan ló ń gbà á kó tó bá a. Ebi kì í dúró de ọdún mélòó kan. Níbi tí alágbàṣe bá ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, ó lè má gbéra rárá.

Ẹ béèrè iye tí wọ́n san fún iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá àti lọ́dún yìí, kí ẹ sì ka oúnjẹ tí wọ́n fún wọn lóko mọ́ ọn. Bí irè bá wọ́n, oúnjẹ yẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò, owó á sì dà bíi pé kò yí padà.

Bí òfin bá jẹ́ ti ọjà tó ń jáde

Ìfòfindè irè tó ń lọ sí òkèèrè ni òdì kejì owó ibodè. Ó ń já iye ọjà wálẹ̀ nílé, ẹni tó ń rà á yọ̀, ẹni tó ń tà á ló ń sanwó rẹ̀. Ẹ fi ìṣirò ìdílé òkè yìí wò ó, kí ẹ kàn yí àmì rẹ̀ padà.

Lórí èyí, kàlẹ́ńdà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Bí ìfòfindè bá dé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìkórè, àgbẹ̀ ló jẹ gbogbo ẹ̀. Bó bá dé lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìkórè, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kékeré ti tà tán, olówò tó kó irè jọ sínú ilé ìpamọ́ ló máa pàdánù. Bákan náà ló rí fún owó ibodè: bí wọ́n bá fi kún un lẹ́yìn tí àgbẹ̀ ti tà tán, ẹni tó ní ilé ìpamọ́ ni èrè náà bọ́ sí lọ́wọ́. Ẹ kọ ọjọ́ òfin àti ọ̀sẹ̀ ìkórè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ìfòfindè tún máa ń ràn bí iná. India dí ọ̀nà ìrẹsì rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, Vietnam tẹ̀ lé e ní 2008, ẹ̀rù sì ba àwọn tó ń ra ìrẹsì kárí ayé. Tọ́ọ̀nù ìrẹsì Thailand tí kò tó 400 dọ́là níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008 ti ju 900 lọ nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún. Rọ́ṣíà ṣe irú rẹ̀ lórí ọkà wíìtì ní oṣù Kẹjọ ọdún 2010, India sì tún ṣe é lórí ìrẹsì funfun tí kì í ṣe basmati ní oṣù Keje ọdún 2023. Òfin WTO kò le rárá lórí èyí. Abala 12 àdéhùn iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ kàn ní kí ẹni tó fẹ́ ṣe é ro ti àwọn tó ń ra oúnjẹ lọ́dọ̀ rẹ̀, kó sì fi tó àjọ náà létí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n fohùn ṣọ̀kan ní Geneva pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fòfin de oúnjẹ tí WFP, àjọ oúnjẹ àgbáyé, ń rà fún ìrànlọ́wọ́ àwọn tí ebi ń pa.

Vietnam kan náà fi òdì kejì hàn. Ní àwọn ọdún 1990, ó tú òdiwọ̀n tó fi dí ọ̀nà ìrẹsì rẹ̀, iye ìrẹsì lọ sókè nílé, òṣì sì dín láti 58% lọ́dún 1993 sí 37% lọ́dún 1998. Àwọn ohun mìíràn wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀kan tó ṣe kókó ni pé wọ́n ti pín ilẹ̀ fún àwọn ìdílé ṣáájú, nítorí náà àwọn tó ń tà pọ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹni díẹ̀, ẹ má retí irú èsì bẹ́ẹ̀.

Owó ìrànwọ́ àwọn orílẹ̀-èdè olówó

Òwú ni ẹ fi máa mọ èyí. Lọ́dún 2003, Benin, Burkina Faso, Chad àti Mali gbé ọ̀rọ̀ wọn dé iwájú WTO, láìpe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, pé owó ìrànwọ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ń fún àwọn tó ń gbin òwú ń já iye òwú wálẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ tiwọn. Brazil ti pe Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ lórí òwú lọ́dún 2002, ó sì borí lọ́dún 2005 nígbà tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn parí. Nínú àdéhùn ọdún 2010, Amẹ́ríkà gbà láti máa san 147.3 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún fún Brazil. Lọ́dún 2014, wọ́n san 300 mílíọ̀nù, ọ̀rọ̀ sì tán. Benin àti Chad wà nínú ẹjọ́ Brazil yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹnì kẹta. Owó yẹn kò kàn wọ́n. Ẹni tó pẹjọ́ ni WTO ń gbọ́ tirẹ̀, ẹjọ́ pípè sì ń gba ọdún, ó ń gba owó, ó ń gba agbẹjọ́rò.

Fún iṣẹ́ yín, ohun mẹ́ta ló wúlò nínú òfin WTO. Orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà lè fi owó ìrànwọ́ tó ń yí iye ọjà padà ran irè kan lọ́wọ́ dé 10% iye irè náà láìsí ẹni tó máa kà á sí i lọ́rùn. 5% ni ti àwọn tó ti lówó. Ajílẹ̀, irúgbìn àti irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ fún àgbẹ̀ tí kò rí já jẹ ní orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà kò sí lára òdiwọ̀n yẹn rárá. Ọ̀nà, ìwádìí irúgbìn, ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ àti ìdarí àrùn kò ní òdiwọ̀n kankan. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tó ń dín 200 dọ́là ojú ọ̀nà wa yẹn kù ni òfin àgbáyé fàyè gbà jù lọ, bẹ́ẹ̀ òun ni àwọn ìjọba kì í sábà fi ṣe.

Bí irè yín bá ń lọ sí Yúróòpù, owó ibodè lè má jẹ́ ìṣòro. Láti 2001 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ọjà wọn sílẹ̀ láìgba owó ibodè àti láìfi òdiwọ̀n sí i fún gbogbo irè àwọn orílẹ̀-èdè tí ìdàgbàsókè wọn kéré jù lọ. Ohun tó ń dá ẹ̀pà padà ni májèlé inú ebu tí wọ́n ń pè ní aflatoxin: èyí tí wọ́n máa jẹ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ní ju 4 máíkírógíráàmù lọ nínú kìlógíráàmù kan. Sísá a gbẹ dáadáa kí wọ́n tó kó o jọ ló ń ṣẹ́gun èyí, kì í ṣe ìpàdé ní Geneva.

Ohun tí ẹ máa béèrè fún

Ọ̀nà kan kò wọjà. Bí ìṣirò yín bá fi hàn pé àwọn tó ń tà pọ̀ ju àwọn tó ń rà lọ, tí owó sì ń dé oko, ẹ lè béèrè owó ibodè, àmọ́ ẹ jẹ́ kó wà fún oṣù ìkórè nìkan, kó sì ní ọjọ́ tó máa parí tí wọ́n kọ sínú òfin. Owó ibodè oṣù mẹ́ta ń dáàbò bo ẹni tó ń tà, kò sì dúró dìgbà tí ìdílé kejì wa bá ń wá oúnjẹ rà.

Ẹ tún béèrè ibi tí owó náà ń lọ. Ní 92 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan, 100,000 tọ́ọ̀nù tó wọlé jẹ́ 9.2 mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn tó ń ra oúnjẹ ló san án. Ẹ ní kí wọ́n dá apá kan rẹ̀ padà fún àwọn tí kò ní ilẹ̀, kí owó náà sì máa jáde kí ọjà tó wọ́n.

Bí wọ́n bá fẹ́ yọ ààbò kúrò, ẹ béèrè owó tààrà fún àgbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Mexico ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí NAFTA, àdéhùn ìṣòwò láàárín òun, Amẹ́ríkà àti Kánádà, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994: ètò PROCAMPO sanwó fún àwọn tó ń gbin ọkà lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan, yálà wọ́n ta irè wọn tàbí wọ́n jẹ ẹ́. Ibi tó dára nìyẹn, ìdílé tó ń jẹ irè rẹ̀ tán náà rí i gbà. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ gba púpọ̀, ẹni tí kò ní ilẹ̀ kò sì gba nǹkan kan. Ẹ ní kí wọ́n fi òdiwọ̀n sí iye hẹ́kítà tí wọ́n máa sanwó lé lórí, kí ẹ sì fi alágbàṣe kún un.

Lẹ́yìn tí òfin bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ kí ẹ máa kọ iye mẹ́ta sílẹ̀: iye ní èbúté tàbí lẹ́nu ibodè, iye ní ọjà ìlú, iye tí wọ́n rà á lóko. Ẹ ṣe é fún ìkórè méjì. Bí ti ìlú bá gbéra tí ti oko kò sì mira, ẹ padà sí ìbéèrè mẹ́ta nípa alágbàtà yẹn. Bí èyí tó wà lẹ́nu ibodè bá gbéra tí ti ìlú kò sì mira, fàyàwọ́ ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá gbéra, ẹ padà sí ilé àwọn ìdílé 30 sí 40 yẹn ní ìgbà ọ̀wọ́n, kí ẹ bi wọ́n léèrè iye ìgbà tí wọ́n ń dáná lójúmọ́ báyìí.